Fáìlì Tí Kò Fi Ẹsẹ̀ Rìn Mọ́: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń So Iṣẹ́ Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Pọ̀

Bí a bá jókòó láti ki àwọn ohun tí ìjọba òyìnbó gbé wọ ilẹ̀ wa, tí a ki ọkọ̀ ojú irin, tí a ki ilé ẹjọ́, tí a sì ki owó orí, kò yẹ kí a gbàgbé fáìlì, arìn-má-sọ̀rọ̀, asùn-sórí-tábìlì-gbàgbé-ilé, ẹni tí ọ̀gá àgbà pàápàá ń tẹ orí ba fún. Nítorí pé láti ìgbà náà wá, kò sí ìgbéga tí òṣìṣẹ́ ìjọba gbà, kò sí ìwé ilẹ̀ tí a fọwọ́ sí, kò sí owó ìfẹ̀yìntì tí a san fún arúgbó kan, tí kò kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Ìwé ìbéèrè á wọ rẹ́jísírì, akọ̀wé á fún un ní nọ́ńbà, á so ó mọ́ inú fáìlì, méńsénjà á gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kékeré, ọ̀gá kékeré á kọ èrò tirẹ̀ sí i, á darí rẹ̀ sí ẹni tí ó jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa gòkè títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ aláṣẹ, kí ó tó tún máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele ìpele bí ó ṣe gòkè. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tilẹ̀ ní èdè kúkúrú tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún un: KIV ni pé kí ojú ṣì wà lára rẹ̀, BU ni pé kí a tún gbé e wá ní ọjọ́ báyìí, PA sì ni pé ọ̀rọ̀ ti parí, kí a gbé e lọ síbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sùn.

Gbogbo ẹni tí ó ti wá owó ìfẹ̀yìntì rí ni ó mọ̀ pé ìrìn àjò yìí kì í yá. Fáìlì a máa sọnù. A máa sọnù nígbà tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ó sọnù, a sì máa sọnù jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan, gbogbo àwọn yòókù tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò fi ọwọ́ lẹ́rán dè é, nítorí fáìlì kan ṣoṣo kò lè wà lórí tábìlì méjì. Lónìí, ọ̀rọ̀ tí ó gba ẹnu àwọn aláṣẹ ni pé kọ̀ǹpútà ni yóò máa gbé fáìlì kiri, pé bébà fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Èmi náà fara mọ́ ọn pé kí bébà kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, rí ohun kan tí àwọn tí ń ta ẹ̀rọ fún wa kì í sọ, èyí ni pé gbígbé fáìlì kiri ni ó rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Àjọṣe àwọn ènìyàn tí fáìlì ń rìn láàárín wọn ni iṣẹ́ gan-an.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ìṣirò ni a fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹ̀rọ ńlá ni, a máa gba odindi iyàrá kan, ẹni tí ó bá sì ní iṣẹ́ fún un á kó o sílẹ̀, á lọ sílé, á padà wá gba èsì. Ṣàṣà ni ẹni tí ó ń ronú pé ènìyàn méjì lè jọ fi ojú wo ohun kan náà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fi han gbogbo ayé pé ó ṣeé ṣe ni Douglas Engelbart, tí ó jókòó níwájú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní San Francisco ní ọjọ́ 9 oṣù December ọdún 1968, tí ó sì fi 90 ìṣẹ́jú ṣe àṣefihàn tí ẹnu àwọn onímọ̀ kò tí ì kúrò lára rẹ̀ títí di òní. Ẹ̀rọ tí ó ń lò kò sí nínú gbọ̀ngàn náà rárá. Menlo Park ni ó wà, ní nǹkan bí 30 máìlì sí ibẹ̀. Síbẹ̀ Engelbart ń fi ohun kékeré tí gbogbo wa ń pè ní mouse lónìí, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹwòran náà kò rí irú rẹ̀ rí, tọ́ka sí ọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, àwòrán alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní Menlo Park sì yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí àwọn méjèèjì jọ ń wo ìwé kan náà, tí wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀ lé e lórí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí ẹ̀rọ máa ronú dípò ènìyàn. Ohun tí ó ń wá ni bí ọpọlọ ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ṣe kóra jọ sórí ìṣòro tí ó ju agbára ẹnì kan lọ. Àwọn àgbà wa kò rí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó sọ pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.

Ṣùgbọ́n Engelbart kọ́ ni mo fẹ́ kí a jókòó tì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ fáìlì àti ọ́fíìsì kàn jù lọ, tí orúkọ rẹ̀ kò sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa bí ó ti yẹ, ni Clarence Ellis, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní Skip, ọmọ adúláwọ̀ tí a bí ní ìlú Chicago ní ọdún 1943, tí ìyá rẹ̀ nìkan ń dá tọ́ òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ yòókù. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 15, ó gba iṣẹ́ aṣọ́de ní ilé iṣẹ́ kan kí owó lè wọlé. Kọ̀ǹpútà tuntun ti ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n ní kí ó máa ṣọ́ lóru, àṣẹ sì tẹ̀ lé e pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Òru gùn, kò sí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, àwọn ìwé tí ó ṣàlàyé bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ náà sì wà nílẹ̀. Wọn kò sọ pé kí ó má fọwọ́ kan ìwé, ọmọ náà sì ń kà wọ́n. Ó wá di ọjọ́ kan, páálí tí wọ́n máa ń lu ihò sí lára láti fi bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ tán, ìdààmú bá àwọn ọ̀gá, wọ́n sì rí i pé nínú gbogbo ilé iṣẹ́ náà, ọmọdé aṣọ́de yìí nìkan ni ó mọ bí a ṣe lè tún èyí tí a ti lò rí lò. Ní ọdún 1969 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Illinois, òun sì ni adúláwọ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè náà nínú ìmọ̀ yìí.

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1970, Ellis wà ní ilé ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ní Califórníà, níbi tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lórí tábìlì, tí wáyà sì so gbogbo wọn pọ̀, ní àkókò tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní gbogbo ayé. Níbẹ̀ ni òun àti Gary Nutt, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ti ṣiṣẹ́ lórí ètò tí wọ́n pè ní Officetalk. Ẹni tí ó bá jókòó ti Officetalk á rí àwòrán fọ́ọ̀mù lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, á rí apẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó ń wọlé àti apẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó ń jáde; á kọ ohun tí ó yẹ sí fọ́ọ̀mù náà, á fọwọ́ sí i, á tì í síwájú, fọ́ọ̀mù náà á sì yọ nínú apẹ̀rẹ̀ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìde lórí àga. Ellis kò dúró síbẹ̀. Ó tún hùmọ̀ ọ̀nà tí a lè gbà ya gbogbo iṣẹ́ ọ́fíìsì kan sórí bébà, tí a ó fi rí ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó ti yà sí ọ̀nà méjì, ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti tún pàdé, àti ibi tí fọ́ọ̀mù kan ti ń dúró de òmíràn láìnídìí.

Láti inú irú èrò yìí ni àwọn ètò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní workflow ti wá. Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé ìsinmi òṣìṣẹ́ bí àpẹẹrẹ. A ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé bí ìsinmi náà kò bá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ọ̀gá ẹ̀ka ni yóò fọwọ́ sí i. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó kọjá sọ́dọ̀ olórí òṣìṣẹ́. Bí olórí òṣìṣẹ́ bá rin ìrìn àjò, igbákejì rẹ̀ ni kí a gbé e fún. Bí ọjọ́ méjì bá sì kọjá tí kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn, kí ẹ̀rọ rán wọn létí. Kọ̀ǹpútà á di akọ̀wé tí kì í gbàgbé, á di méńsénjà tí kì í yà bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ó tún ṣe ohun kan tí bébà kò lè ṣe: gbogbo ìgbésẹ̀ ni ó ń kọ sílẹ̀, orúkọ ẹni tí ó ṣí ìwé náà, ọjọ́ tí ó ṣí i, àti iye àkókò tí ó fi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí iṣẹ́ ọ́fíìsì bá rí gẹ́lẹ́ bí ìwé òfin iṣẹ́ ṣe wí, ìtàn wa ì bá parí síhìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìwádìí Xerox kan náà ni obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Lucy Suchman, kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ, bí kò ṣe ẹni tí ó kọ́ nípa àṣà àti ìṣe ẹ̀dá ènìyàn, irú àwọn tí a mọ̀ ní ilẹ̀ wa pé wọ́n máa ń gbé ìwé kékeré dání wá bi àwọn bàbá wa léèrè bí a ṣe ń sìnkú àti bí a ṣe ń gbéyàwó. Suchman kò lọ sí abúlé ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ àwọn akọ̀wé owó ni ó lọ jókòó sí, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń san owó ọjà, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní ọdún 1983. Ìlànà tí ó wà lórí bébà kò ṣókùnkùn: ìwé tí a fi béèrè ọjà, ìwé ẹ̀rí pé ọjà ti dé, àti ìwé owó tí oníṣòwò fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ pé, kí wọ́n sì bá ara wọn mu, kí kọ́bọ̀ tó jáde. Ṣùgbọ́n ìwé kan á sọnù, iye tí ó wà nínú òmíràn kò ní bá ti ẹ̀kẹta mu, oníṣòwò á sì máa pariwo pé gbèsè ti pẹ́. Àwọn akọ̀wé náà á forí korí, wọ́n á wo déètì eléyìí, wọ́n á wo òǹtẹ̀ ìyẹn, wọ́n á fi ọgbọ́n inú wádìí ohun tí ó gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò to fáìlì náà jọ, tí ẹni tí ó bá ṣí i lọ́la yóò fi rò pé ohun gbogbo ti lọ létòlétò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ètò tí a rí nínú fáìlì kọ́ ni ó darí iṣẹ́. Iṣẹ́ àwọn akọ̀wé ni ó bí ètò náà.

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó ṣe iyebíye jù nínú gbogbo ohun tí a ti kọ nípa ọ́fíìsì. Àwọn baba wa wí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ẹrú nìkan ni kọ̀ǹpútà sì mọ̀ ọ́n jẹ́. Bí a bá kó ìwé òfin lásán sínú rẹ̀, tí a kò kó ọgbọ́n akọ̀wé mọ́ ọn, yóò kọ̀ láti gba aláìsàn wọlé nítorí pé káàdì rẹ̀ kò ní déètì ọjọ́ ìbí, yóò sì dá owó oṣù olùkọ́ dúró nítorí pé wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ bàjẹ́ á wá wá ọ̀nà ẹ̀bùrú: wọ́n á kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà sórí bébà, kí wọ́n tó wá fi ìrọ̀lẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀gá tí ó ń lọ sí ìpàdé á fi ọ̀rọ̀ àṣínà rẹ̀ sílẹ̀ fún akọ̀wé, àkọsílẹ̀ á sì jẹ́rìí pé ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé tí kò fojú kàn. Ellis náà rí ìṣòro yìí, ó sì ń lépa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1995, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí ìbéèrè kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: bí ìlànà bá yí padà lónìí, kí ni a ó ṣe sí àwọn ìwé tí ó ti wà lójú ọ̀nà lábẹ́ ìlànà àná?

Ní ọdún 1984, Irene Greif, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní MIT, àti Paul Cashman pe àwọn onímọ̀ kan jọ láti inú ẹ̀kọ́ oríṣiríṣi, àwọn oníkọ̀ǹpútà, àwọn onímọ̀ ìṣe ẹ̀dá, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, kí wọ́n lè jọ jíròrò bí ẹ̀rọ ṣe lè ran àjọṣe lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ẹ̀kọ́ náà ní Computer-Supported Cooperative Work, tí àwọn ọmọ rẹ̀ gé kúrú sí CSCW. Kò pẹ́ tí ọjà fi dé bá ìmọ̀. Ray Ozzie, tí ó ti rí ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan tí ń jẹ́ PLATO Notes nígbà tí ó wà ní Yunifásítì Illinois, ni ó darí iṣẹ́ Lotus Notes, ètò tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń jọ pín ìwé àti ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí ó jáde ní ọdún 1989, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá sì sáré rà. Ní ọdún 1995, 3.5 bílíọ̀nù dọ́là ni IBM fi ra ilé iṣẹ́ Lotus.

Ríra kì í ṣe lílò, ẹ̀wẹ̀. Wanda Orlikowski ti MIT tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1992 lórí ilé iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ńlá kan tí ó fi orúkọ bò láṣìírí, tí ó pè é ní Alpha, tí ó ti ra Notes lọ́pọ̀ yanturu kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè máa pín ìmọ̀ fún ara wọn. Ohun tí obìnrin náà bá níbẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ náà ń bá ara wọn du ìgbéga. Ẹni tí kò bá gòkè yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde ni. Ta ni yóò wá gbé ọgbọ́n tí ó fi ń jẹun sí gbangba kí alábàádíje rẹ̀ lè rí i kà? Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo wákàtí wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sí ọrùn oníbàárà kan tí yóò sanwó rẹ̀, kò sì sí oníbàárà tí yóò sanwó wákàtí tí wọ́n fi kọ́ bí a ṣe ń lo Notes. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́, ìwà ilé iṣẹ́ náà ni kò gbà á.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jonathan Grudin ti fọwọ́ kan gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ṣáájú, ní ọdún 1988. Ó wo kàlẹ́ńdà orí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí ó lè bá ọ̀gá wá àkókò ìpàdé tí ó rọ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Kí ó tó lè ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa kọ gbogbo ètò ọjọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀ ní ojoojúmọ́; ẹni tí ó sì ń jẹ èrè rẹ̀ ni ọ̀gá tí ń pe ìpàdé. Àwọn kan ń làágùn, ẹlòmíràn ń jẹ èrè, àwọn tí ń làágùn sì rọra fi kàlẹ́ńdà náà sílẹ̀, ó kú. Àwa Yorùbá ti yanjú irú ẹjọ́ yìí tipẹ́ lóko. Ẹni tí ó bá wọ àárò mọ̀ pé bí òun bá fi òní ro oko Àjàní, ọjọ́ ti òun náà ń bọ̀ tí Àjàní yóò gbé ọkọ́ wá. Ẹni tí ó bá sì bẹ ọ̀wẹ̀ kò jẹ gbèsè àárò, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ se oúnjẹ, kí ó sì wá ẹmu, kí àwọn tí ó wá bá a ṣiṣẹ́ má baà fi ebi relé. Ètò orí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe àárò, tí kì í sì í ṣe ọ̀wẹ̀, iṣẹ́ ìfipáṣe ni, bí àwọn ènìyàn bá sì ti ráyè, wọ́n á sá fún un.

Ẹnì kan tún wà tí ó gba ọ̀nà mìíràn yọ, ìtàn rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè fò ó. Fernando Flores, ọmọ ilẹ̀ Chile, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nínú ìjọba Ààrẹ Salvador Allende nígbà tí ó kọ̀wé ní ọdún 1971 sí Stafford Beer, ará Gẹ̀ẹ́sì, pé kí ó wá bá wọn ṣètò bí àwọn ilé iṣẹ́ tí ìjọba gbà yóò ṣe máa fi ẹ̀rọ telex ròyìn iṣẹ́ wọn sí Santiago. Cybersyn ni wọ́n pe ètò náà. Nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù October ọdún 1972, tí oúnjẹ fẹ́ tán ní ìlú, àwọn telex yìí ni ìjọba fi ń mọ ibi tí ọkọ̀ ṣì wà àti ibi tí ọjà ti pọ̀. Àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 11 oṣù September ọdún 1973. Flores, tí ó ti di mínísítà ètò ìṣúná kí ìjọba náà tó wó, fi ọdún mẹ́ta jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n. Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà, òun àti Terry Winograd ti Yunifásítì Stanford pawọ́ pọ̀, wọ́n tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1986, ìgbàgbọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó sì wà nídìí ètò kan tí ń jẹ́ The Coordinator. Ìgbàgbọ́ náà ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu, kì í ṣe bébà, ni ó ń gbé iṣẹ́ rìn: ẹnì kan bẹ̀bẹ̀, ẹnì kejì ṣèlérí, ó mú ìlérí ṣẹ, ẹni àkọ́kọ́ sì wí pé ó tó. Nínú The Coordinator, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀wé sí ẹnìkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bóyá ẹ̀bẹ̀ ni tàbí ìlérí, ẹ̀rọ á sì máa ṣírò ẹni tí ó jẹ ẹnìkan ní ìlérí.

Àwa tí a ń sọ pé bí ojú bá yẹ ojú kí ohùn má yẹ ohùn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gba ti Flores, n kò sì sẹ́ pé ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gbé ètò náà fún ni kò fẹ́ ẹ, Suchman sì tún dìde ní ọdún 1994 láti béèrè pé ta ni ó fún ẹ̀rọ láṣẹ láti máa to ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn sí ìsọ̀rí, ta sì ni yóò máa fi ìsọ̀rí náà ṣọ́ ta. Kí á gbé e wá sí ọ́fíìsì tiwa nìkan, ọ̀rọ̀ náà yóò yé wa. Bí ọ̀gá bá béèrè ohun tí kò ṣeé ṣe, ọmọ abẹ́ rẹ̀ kò ní wí pé rárá, yóò ní, “Ẹ jẹ́ n wò ó, sà.” Àwọn méjèèjì mọ ohun tí gbólóhùn náà túmọ̀ sí, ọ̀wọ̀ kò sì fọ́. Kọ̀ǹpútà tí ó bá ní kí ọmọ náà yan ìlérí tàbí kíkọ̀ ti já aṣọ ìtìjú lára àwọn méjèèjì.

Iṣẹ́ Ellis tí ó kan èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa kò tí ì dé. Mo ti wí pé fáìlì kan kò lè wà lórí tábìlì méjì. Ìṣòro yìí gan-an ni òun àti Simon Gibbs gbé dojú kọ ní ilé ìwádìí MCC ní ìlú Austin, ní Texas, tí wọ́n sì tẹ ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ jáde ní ọdún 1989. Kí wọ́n tó dé, ohun tí kọ̀ǹpútà sábà máa ń ṣe ni pé bí ẹnì kan bá ń kọ̀wé lọ́wọ́, á ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù títí onítọ̀hún yóò fi ṣe tán. Ellis àti Gibbs fẹ́ kí gbogbo ènìyàn jọ máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo bí ó ti le tó. Ẹ jẹ́ kí a ní gbólóhùn yìí ni ó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ kan: “Ìpàdé ọ̀la ní aago mẹ́wàá.” Akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ó wà ní Ìbàdàn fi ọ̀rọ̀ náà “ẹgbẹ́” kún un lẹ́yìn “Ìpàdé”. Ní ìṣẹ́jú kan náà, alága tí ó wà ní London pàṣẹ pé kí a yọ ọ̀rọ̀ karùn-ún, “mẹ́wàá”, kí a fi “mọ́kànlá” rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àṣẹ alága yóò fi dé Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan ti wọ inú gbólóhùn náà, “aago” ni ó ti di ọ̀rọ̀ karùn-ún. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti rán an, “Ìpàdé ẹgbẹ́ ọ̀la ní mọ́kànlá mẹ́wàá” ni a ó kà. Ohun tí Ellis àti Gibbs hùmọ̀ ni pé kí ẹ̀rọ má ṣe gba àṣẹ náà bí ó ṣe wà. Kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí àṣẹ náà wà lójú ọ̀nà, kí ó sọ ọ̀rọ̀ karùn-ún di ọ̀rọ̀ kẹfà, kí ó tó wá ṣe é. Ní London náà, ẹ̀rọ á gba ti Ìbàdàn bẹ́ẹ̀, nígbẹ̀yìn ìwé kan náà ni yóò sì wà níwájú àwọn méjèèjì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ṣe é ní àbùkù tí àwọn ẹlòmíràn tún ṣe lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ́ Google Docs lé, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìlú wa tí ó wà lókè òkun àti àwọn tí ó wà nílé fi ń jọ kọ ìwé òfin ẹgbẹ́ lónìí. Ọgbọ́n tọmọdé, ọgbọ́n tàgbà, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Skip Ellis ni ó wá ọ̀nà tí ọgbọ́n méjèèjì lè fi wọ inú ìwé kan láìkọlu ara wọn. Ó ti fẹ̀yìn tì ní Yunifásítì Colorado kí ó tó wá kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ashesi ní orílẹ̀-èdè Ghana; ní oṣù May ọdún 2014 ni ó papò dà.

Ní ti Nàìjíríà, ọjọ́ 31 oṣù December ọdún 2025 ni Ọ́fíìsì Olórí Òṣìṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fi ṣe gbèdéke fún àwọn iléeṣẹ́ ìjọba láti bọ́ lórí bébà, kí fáìlì máa rìn nínú ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Enterprise Content Management. Ìgbésẹ̀ rere ni. Arúgbó tí ń lé owó ìfẹ̀yìntì yóò lè mọ tábìlì tí ìwé rẹ̀ dúró sí, fáìlì kò sì ní lè sọnù mọ́ láìsí ẹni tí a ó bi léèrè. Iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀ kò tilẹ̀ bà mí lẹ́rù tó ohun tí Suchman àti Grudin rí. Bí a bá ra ètò tí ó mọ òfin tí kò mọ ọgbọ́n akọ̀wé, tí ó ń fún ọ̀gá ní ìròyìn tí kò dín iṣẹ́ ọmọ abẹ́ kù, bébà yóò padà gba ẹ̀yìn wọlé, iṣẹ́ kan ṣoṣo á sì di méjì.

Ẹ tún wo ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ wa yàn fúnra wọn láìsí ẹni tí ó fipá mú wọn: WhatsApp. Ìpàdé olùkọ́ wà níbẹ̀, ètò iṣẹ́ òru àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, okòwò àwọn ọlọ́jà náà ń bẹ níbẹ̀, nítorí pé òógùn tí ó ń béèrè kéré, èrè rẹ̀ sì kan gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò ní rẹ́jísírì: ìpinnu tí a ṣe ní ọjọ́ Ajé, àdúrà òwúrọ̀ àti ìkíni ọjọ́ ìbí yóò ti rì í mọ́lẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, ìwé iṣẹ́ sì ń gbé nínú fóònù ẹni tí ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la.

Nítorí náà, ẹ̀yin alákòóso iléeṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwòsàn àti yunifásítì, kí ẹ tó bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn ètò kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan jókòó láàárín àwọn tí yóò máa lò ó. Ẹ bi akọ̀wé ohun tí ó máa ń ṣe nígbà tí ìwé kò bá pé. Ẹ bi méńsénjà ọ̀nà tí ó mọ̀ tí kò sí nínú ìwé òfin. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò máa tẹ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ náà ohun tí òun yóò rí jẹ níbẹ̀. Kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé àdéhùn náà kí owó tó jáde.